Kọ̀ǹpútà Kékeré Tó Mọ Aago

Mo mọ̀ pé Raspberry Pi 5 yára. Gbogbo ẹni tó ti lò ó ló ń sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Àmọ́ nílé wa ní Kàbà, níbi tí iná ti lè lọ láàárín òru kí nẹ́tíwọ̀kì náà sì bá a lọ, ohun tí mo ń wá lára kọ̀ǹpútà tó ń bá wa ṣọ́ ilé ni pé, tí iná bá padà dé, kó mọ aago tó lù. Raspberry Pi 3 tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ aago yìí ló mú mi náwó sí tuntun, òun náà ni mo sì fẹ́ kọ nípa rẹ̀, nítorí àwọn tó ń gbé ìlú tí iná kì í ti í lọ kì í sábà dúró lórí rẹ̀ tí wọ́n bá ń ròyìn bọ́ọ̀dù wọ̀nyí.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, Raspberry Pi jẹ́ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ara rẹ̀ wà lórí pátákó kan ṣoṣo tí kò ju káàdì ATM lọ. Kò ní kíbọ́ọ̀dù, kò ní ojú tí èèyàn ń wò; ẹni tó bá fẹ́ wọn ló máa so wọ́n mọ́ ọn. Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é, kí àwọn ọmọ iléèwé lè rí kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú fi kọ́ iṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2012, dọ́là 35 ni. Pi 3 dé ní 2016 pẹ̀lú Wi-Fi nínú ara rẹ̀, Pi 4 dé ní 2019, Pi 5 sì dé ní ìparí ọdún 2023. Ní ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ọ̀dù náà, ẹsẹ̀ irin wẹ́wẹ́ 40 ló tò síbẹ̀. Ara wọn la máa ń so ohun tó ń wọn ooru, ohun tó ń wọn omi, tàbí ohun tó ń tan iná mọ́. Nítorí ẹsẹ̀ irin yẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ju kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ: ó lè fọwọ́ kan nǹkan tó wà nínú ilé.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbé fún un ni omi. Táǹkì wa wà lókè lórí irin, pọ́ǹpù ló sì ń fa omi sínú rẹ̀ láti inú kànga ẹ̀rọ. Ìgbà mìíràn, omi á ti máa dà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́; ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àárọ̀ tí àwọn ọmọ fẹ́ lọ síléèwé gan-an la máa mọ̀ pé kò sí ẹ̀kán omi kan. Mo so ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ JSN-SR04T, tí omi kì í bà jẹ́, mọ́ abẹ́ ìdérí táǹkì. Ó ń ju ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ sójú omi, ó sì ń dúró de ìró náà kó padà. Ìró ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà tí a bá mọ àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀, tí a fi 343 sọ ọ́ di púpọ̀, tí a wá pín in sí méjì, a ti mọ bí omi ṣe jìnnà sí ìdérí nìyẹn.

Ibi tó gba sùúrù níbẹ̀ ni wáyà tó ń gbé ìdáhùn padà wá. Fólítì 5 ni ẹ̀rọ táǹkì fi ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ Raspberry Pi kò gbọdọ̀ gbà ju fólítì 3.3 lọ. Resistor méjì, ẹ̀yà kékeré tó ń dí iná lọ́wọ́, la fi ń yanjú rẹ̀: 1 kΩ láàárín ẹ̀rọ àti ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù, 2 kΩ láti ẹsẹ̀ yẹn kan náà lọ sí ẹsẹ̀ GND, ibi tí iná ń gbà padà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta fólítì 5 ló máa dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù, ìyẹn nǹkan bíi 3.3. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn mọ́ra, mo fi rọ́bà wé e, mo sì fà á wọ inú ilé gba ihò fèrèsé. Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni nílé ti lè fi fóònù wo ibi tí omi dé.

Iṣẹ́ kejì ni ti ìyá mi, òun ló sì fa ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an. Iṣu ni wọ́n ń tà. Àká wọn wà lẹ́yìnkùlé, ògiri amọ̀ ni, páànù ni wọ́n fi bò ó, wọ́n tún wá to imọ̀ ọ̀pẹ sórí páànù náà kí òòrùn má baà kan án tààrà. Láti oṣù kọkànlá títí wọ inú oṣù kẹta ni iṣu máa ń kún un. Iṣu tí ooru bá mú pọ̀ nínú òkìtì máa ń rà. Èyí tí kò bá rà lè hù kí ọjà tó dára, oníbàárà tó bá sì ti rí iṣu tó hù, ó ti mọ iye tó máa yọ kúrò nínú owó rẹ̀. Ohun tí ìyá mi ń fẹ́ mọ̀ kò le: ìgbà wo nínú ọjọ́ ni ooru inú àká máa ń ga jù, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣí i fún afẹ́fẹ́.

DS18B20 ni mo lò níbẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀pá irin kékeré tó ń wọn ooru, tó ní wáyà gígùn nídìí, kì í sì í fi ju ìdajì digíríì lọ ṣìnà nínú irú ooru tí a ń wí yìí. Mo ki ọ̀kan sí ilẹ̀ àká, ọ̀kan sí àárín òkìtì iṣu, mo sì gbé ọ̀kan kọ́ sí abẹ́ páànù. Ohun tó dára lára wọn ni pé wáyà kan náà ni gbogbo wọn lè fi bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, pẹ̀lú resistor 4.7 kΩ kan ṣoṣo, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n kọ sí i nínú láti ilé iṣẹ́.

Nígbà tí àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan pé, mo yà á sí àwòrán lórí fóònù, mo gbé e fún ìyá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò.

"Ooru wo ló mú nínú àká yìí ní aago méjìlá òru?"

Mo ní, "Ohun tí ẹ̀rọ kọ nìyẹn, Mà."

"Ẹ̀rọ ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo dìde lóru ọjọ́ yẹn torí ewúrẹ́ tó já wọlé. Ọyẹ́ ń mú mi lẹ́sẹ̀ bí mo ṣe dúró yìí."

Òótọ́ ni ìyá mi sọ. Ọ̀pá irin náà kò purọ́ nípa ooru; aago ni kò tọ́. Pi 3 kò ní aago kankan tó ń rìn nígbà tí iná kò bá sí lára rẹ̀. Tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń béèrè àkókò lọ́wọ́ àwọn kọ̀ǹpútà tó ń pa aago mọ́ fún gbogbo ayé. Lóòrèkóòrè, ó máa ń kọ àkókò tó mọ̀ kẹ́yìn sínú fáìlì kan. Tí iná bá lọ tó padà dé, tí kò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì, inú fáìlì yẹn ló ti máa mú àkókò, á sì máa ka á lọ láti ibẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní àsìkò ọyẹ́, eruku máa ń bo páńẹ́ẹ̀lì sólà wa, bátìrì kì í sì í kún dáadáa. Tí àwọn ọmọ bá wo tẹlifíṣọ̀n títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, inverter á pa ara rẹ̀, ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì tí òòrùn bá ti gbé bátìrì dìde kó tó tan padà. Lójú Pi 3, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ṣì ni nígbà yẹn. Ooru aago mẹ́ta ọ̀sán wá di ooru aago méjìlá òru nínú àkọsílẹ̀. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé nírọ̀lẹ́, aago á fò síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ihò ńlá á sì wà láàárín. Irú àkọsílẹ̀ báyìí léwu ju kéèyàn má ní àkọsílẹ̀ rárá lọ, torí ẹni tí kò bá wọ àká lóru lè gbà á gbọ́, kó sì ṣí ilẹ̀kùn fún iṣu ní ìgbà tí kò yẹ.

Ẹni tó bá jẹ́ pé aago nìkan ni ìṣòro rẹ̀, jọ̀wọ́, má ra bọ́ọ̀dù tuntun. Ẹ̀yà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní DS3231, tó ní aago àti bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tirẹ̀. Orí ẹsẹ̀ irin Pi 3 ló máa jókòó lé, ìlà kan ṣoṣo lo sì máa kọ kún config.txt, fáìlì tí Pi máa ń kà tó bá ń tan: dtoverlay=i2c-rtc,ds3231. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó Pi 5. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsánlú tó ń sin adìyẹ ló béèrè lọ́wọ́ mi, èyí ni mo sì ní kó ṣe. Ó ṣe é, ó sì tó o.

Nílé tiwa, nǹkan mìíràn tún wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń múra WAEC, dátà sì wọ́n. Mo gbé Kiwix sórí Pi, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kéèyàn ka Wikipedia látòkè délẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì tèdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán lé ní 100 GB. Ti Yorùbá kéré púpọ̀ sí i, mo sì fi sí i pẹ̀lú. Àwọn ọmọ á so fóònù wọn mọ́ Wi-Fi ilé, wọ́n á wá ohun tí wọ́n ń wá, kóbọ̀ kò ní jáde. Àmọ́ 1 GB péré ni ìrántí Pi 3, USB 2.0 sì ni gbogbo ohun tí a bá so mọ́ ọn ń gbà kọjá. Tí àwọn ọmọ bá jọ ń wá nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ewé á dúró, iṣẹ́ àká àti ti táǹkì náà á máa fà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ó tó àkókò láti pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ra Pi 5 tó ní 4 GB. Awakọ̀ kan ló bá mi gbé e láti Àbújá gba Lọ́kọ́ja wá. Bí mo ṣe dé gáréèjì, "Ọ̀kun o, ẹrù yín ti dé" ni mo gbọ́. Mo ra bátìrì aago rẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná ti ń wọ Pi 5, ihò kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan wà tí kò sí lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni bátìrì náà máa so sí. Nǹkan kan wà tó yẹ kéèyàn mọ̀ níbí: bọ́ọ̀dù náà kì í dédé fi iná kún bátìrì yìí. Wọ́n pa á tì bẹ́ẹ̀ nítorí ẹni tó lè so bátìrì tí kì í gba iná mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ irú tó ń gba iná ni tìrẹ, o máa kọ dtparam=rtc_bbat_vchg=3000000 sínú config.txt kó tó bẹ̀rẹ̀.

Mo dán an wò lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí rárá. Mo fi bọ́tìnnì tó wà lára rẹ̀ pa á (Pi 5 ni àkọ́kọ́ nínú wọn tó ní bọ́tìnnì ìtanná, mo sì dúpẹ́ fún un, torí ìyá mi pàápàá ti lè pa á wọ́ọ́rọ́wọ́ láìyọ wáyà, èyí tó máa ń ba mẹ́mọ́rì káàdì jẹ́). Mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo bá iṣẹ́ mìíràn lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo tan án, mo tẹ date, àṣẹ tó ń béèrè àkókò, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ aago fóònù mi. Àkókò kan náà ni àwọn méjèèjì sọ. Inú mi dùn kọjá ohun tí ẹni tí kò bá tíì ka àkọsílẹ̀ aláago òdì rí lè mọ̀.

Nínú àkọsílẹ̀ tuntun, ooru abẹ́ páànù máa ń ga jù lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, àmọ́ àárín òkìtì iṣu kì í dé góńgó tirẹ̀ títí ilẹ̀ á fi máa ṣú, torí ògiri amọ̀ àti iṣu fúnra wọn máa ń di ooru mú. Ìyá mi ti ń ṣí ilẹ̀kùn àká lọ́sàn-án láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí wọ́n rí èyí, wọ́n ní ó jọ ohun tí ọwọ́ wọn ti ń sọ fún wọn tí wọ́n bá ki í bọ inú òkìtì. Ní báyìí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣí i, wọ́n á sì tì í kí òòrùn tó mú lówùúrọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná Pi 5 gba àkíyèsí. Ṣájà tí wọ́n kọ 5V 5A sí lára ló ń fẹ́, ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù tó wà lọ́jà kì í sì í fún un ju 5V 3A lọ. Ó máa tan pẹ̀lú 3A, kò sí wàhálà, àmọ́ 600 mA péré ló máa jẹ́ kí gbogbo ihò USB rẹ̀ pín láàárín ara wọn, dípò 1.6 A. Ẹni tó bá so SSD, ohun tí a ń kó fáìlì pamọ́ sí, mọ́ USB bíi tèmi lè rí i pé SSD náà ń tàn, ó ń kú. Èmi kò gba inverter mọ́. Mo fi ẹ̀rọ tó ń sọ fólítì 12 di 5 mú iná tààrà lára bátìrì sólà. Bọ́ọ̀dù kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè fún òun ní 5A, nítorí náà mo wọ rpi-eeprom-config, àṣẹ tó ń ṣí EEPROM (ìrántí kékeré tí bọ́ọ̀dù fi ń mọ bó ṣe máa tan), mo kọ PSU_MAX_CURRENT=5000 síbẹ̀. Kí ẹ̀rọ tí ẹ bá rà lè gbé 5A lóòótọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rí dájú.

Tó bá jókòó jẹ́ẹ́, nǹkan bíi wáàtì 3 ni Pi 5 ń jẹ, ó ju ti Pi 3 lọ. Láti àárọ̀ di àárọ̀, ìyẹn sún mọ́ 72 Wh. Bátìrì 12V 100Ah tí wọ́n sọ pé ó gba 1,200 Wh lè gbé e, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló wà lórí bátìrì. Aago rẹ̀ tún ràn wá lọ́wọ́ níbí, torí ó lè jí bọ́ọ̀dù náà lójú oorun. Tí a bá kọ POWER_OFF_ON_HALT=1 sínú EEPROM, tí a sì fi wakealarm, ìyẹn aago ìjí rẹ̀, dá àkókò fún un, á sùn lóru láìjẹ iná tó tó nǹkan, á sì dìde fúnra rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó jí.

Mo rò ó dáadáa kí n tó pinnu ìgbà tí mo máa jẹ́ kó sùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣu kún àká, òòrùn wà, páńẹ́ẹ̀lì kò fẹ́ ju kí á nù ún lọ. Kò sídìí kó sùn nígbà náà, òru àká náà yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ tí òjò lè bo òòrùn fún ọjọ́ púpọ̀, iṣu tó kù nínú àká kò tó nǹkan, tuntun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ìgbà yẹn ni mo máa ń jẹ́ kó sùn. Ó yà mí lẹ́nu bí àsìkò oko ṣe bá àsìkò sólà mu.

Ẹni tó bá ti ń fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, bá ẹsẹ̀ irin wọ̀nyí ṣiṣẹ́ tipẹ́ máa bá nǹkan kan pàdé. Lára Pi 5, ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n ń pè ní RP1 ló ń darí ẹsẹ̀ irin, RPi.GPIO, irinṣẹ́ Python tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, kò sì mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ètò tí a bá fi gpiozero, irinṣẹ́ mìíràn, kọ kì í ní wàhálà. Fún èyí tó bá ti wà nílẹ̀, yọ RPi.GPIO kúrò, kí o fi rpi-lgpio rọ́pò rẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ kan náà ló ń jẹ́, kò ní sídìí láti tún ìlà kan kọ. Ètò táǹkì mi ń ṣiṣẹ́ padà kí tíì mi tó tutù.

Ooru tirẹ̀ náà kò kéré. Tó bá ti dé 80 °C, ó máa ń dín eré kù fúnra rẹ̀. Fáànù kékeré tí wọ́n ṣe fún un, dọ́là 5 ni nígbà tó jáde, ẹ ra á. Nígbà ọyẹ́, fáànù yẹn máa ń fa eruku wọlé, torí náà burọ́ọ̀ṣì ìkunlé àtijọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílé wa.

Ní ti owó, dọ́là 60 ni Pi 5 oní 4 GB nígbà tó jáde. Fi ṣájà 12, fáànù 5, àti bátìrì aago 5 kún un, ó di 82, láì tíì ka ẹrù àti iye tí dọ́là bá jẹ́ lọ́jọ́ tí o fẹ́ rà á. Fún ilé tí àwọn ọmọ ń kàwé, mo rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ táǹkì omi nìkan lo fẹ́ ṣọ́, owó rẹ ti ṣòfò. Raspberry Pi Zero 2 W tó jáde ní 2021 ní dọ́là 15 máa ṣe é.

Pi 3 wà nínú àká báyìí, nínú àpótí onírọ́bà lókè ilẹ̀kùn. Nípasẹ̀ chrony, ètò tó ń mú kí aago àwọn kọ̀ǹpútà bára mu, Pi 5 ti di ẹni tó ń sọ aago fún un. Tí iná bá dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Pi 3 ti ń béèrè, nẹ́tíwọ̀kì ì bá à wà, kó má sì sí. Ẹsẹ̀ irin Pi 5 tó ṣẹ́ kù, mo ti ní iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Mo ti ra ohun tó ń wọn òjò, irú èyí tó ní ife kékeré méjì tí wọ́n ń gbà fún ara wọn láti yí omi dànù, tí ìyípo kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi 0.28 mm òjò. Ìyá mi ti yan ibi tí a máa rì í sí, ní gbangba iwájú àká, níbi tí ewé kajú kò ti ní já bọ́ sínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí òjò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ àti wákàtí tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀.